Ọkọ Mo-Ní-Ìbéèrè àti Bàtà Káńsílọ̀

Káńsù ni mo ń jowú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹlòmíràn ń jowú olówó, òmíràn ń jowú ọ̀dọ́kùnrin tí irun ṣì kún orí rẹ̀. Tèmi, káńsù ìlú ni, pẹ̀lú gbọ̀ngàn rẹ̀ tí atẹ́gùn kì í wọ̀, àga onírin rẹ̀ tó ń ké bí èèyàn bá jókòó, àti alága rẹ̀ tó ń tòògbé lójú ìpàdé. Àwọn ni ìyàwó mi ń kó ọ̀rọ̀ gidi fún. Àjẹkù ọ̀rọ̀ lèmi ń jẹ nílé.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Àwa méjèèjì la pín iwájú ilé wa: èmi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí mo ti ń tún bàtà ṣe, òun wà lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú máṣíìnì rẹ̀, ògiri pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Bí mo bá kan ìṣó, ó ń gbọ́. Bí ó bá fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, èmi náà ń gbọ́, mo tilẹ̀ lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí inú ń bí i láti ara bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tábìlì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni oníbàárà ń dúró sí. Lẹ́yìn tábìlì yẹn, kọ́tìnì kan wà. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni ó ti ń gé aṣọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún píìnì tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọjá kọ́tìnì yẹn. Èmi tí mo gbé e níyàwó, mo máa ń kọ́kọ́ dúró, kí n pe, "Ìyá wọn, ṣé kí n wọlé?" Nígbà míì, á ní kí n máà wọlé.

Mo-Ní-Ìbéèrè ni àdúgbò ń pè é. Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn ní gbogbo ìpàdé ìta gbangba tí káńsù ń ṣe. Á dìde, á tún gèlè rẹ̀ tò, á ní, "Alága, mo ní ìbéèrè," gbogbo gbọ̀ngàn á sì kùn hùn-ùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní ìbéèrè yẹn ti ní ìdáhùn lápò.

Ọ̀rọ̀ pàǹtí ló mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Káńsù gbé àpótí irin ńlá kan sẹ́yìn ilé wa, wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò máa da pàǹtí sí i, pé ọkọ̀ á máa wá kó o. Inú wa kọ́kọ́ dùn. Ọkọ̀ náà wá déédéé nígbà tí ìdìbò ń bọ̀. Ìdìbò lọ tán, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tó bá wù ú, bí àna tó jẹ gbèsè. Àpótí kún, ó ṣàn sílẹ̀. Ìyàwó mi lọ fẹjọ́ sùn, káńsù sì dáhùn kíá: wọ́n gbé pátákó kan wá, wọ́n rì í mọ́ àárín òkìtì náà gan-an, wọ́n kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ má dalẹ̀ síbí." Nígbà tí pátákó kò kó pàǹtí, àwọn òṣìṣẹ́ wọn rí ọgbọ́n mìíràn dá. Wọ́n ń dáná sun ún. Àràárọ̀ ni èéfín ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé wá bá wa.

Ẹ wá gbọ́ èrò obìnrin yìí nípa ìjọba. Ó ní àwọn tó wà lókè pátápátá, àwọn tí a ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, ariwo lásán ni wọ́n. Ó ní ẹni tó ń kó pàǹtí rẹ ni ìjọba rẹ. Ó ní káńsù kì í ṣe ọ̀tá, ọ̀lẹ ni, ọ̀lẹ kò sì yàtọ̀ sí ọmọ tó ń sùn nígbà tí wọ́n ń rán an níṣẹ́: èèyàn kì í bá a jà, èèyàn á máa jí i ni. Ó ní wọ́n ń bomi rin òdòdó ní oríta nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ omi wa gbẹ. Ó ní ẹni tí kò bá lọ sípàdé kò ní ẹnu láti ráhùn, èmi ló sì máa ń wò nígbà tó bá ń sọ èyí.

Èmi kì í lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Kí n jókòó sẹ́yìn, kí n máa wo ìyàwó mi bó ṣe ń bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀?

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nígbà kan, èmi ni káńsù rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rí lójú pópó, èmi ló ń sọ ọ́ fún láti ara ògiri pákó yẹn, tí mo ń fi ìṣó há ẹnu tí mo ń dá a lóhùn, hẹn, hẹn. Á bínú, á rẹ́rìn-ín, á sín aládùúgbò jẹ. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ sí mi. Tí ìpàdé bá ku ọ̀la, màá gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, ohùn kẹ́lẹ́, ohùn dídùn. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kan. Ère aláìlórí tó ń wọ aṣọ fún ló dúró tì, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ gbọ́wọ́ lé èjìká rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó pa ẹnu mọ́.

Mo ní, "Ìyá wọn, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Káńsù ni." Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá wọn, ikọ́ yín yìí ń já mi láyà."

Mo ní òórùn gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ bàtà ni. Kò sí aránbàtà tí gọ́ọ̀mù kì í fún ní ikọ́ díẹ̀. Kí ló kan ikọ́ mi, nígbà tí èèyàn ń bá igi lásánlàsàn ṣe wọlé-wọ̀de?

Mo ṣì ń jowú igi ni Ológe fi dé.

Káńsílọ̀ wa tuntun ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ológe, ẹ̀yin náà ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá rí i: ṣòkòtò rẹ̀ kì í wúnjọ, irungbọ̀n rẹ̀ gún régé, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Àwọn káńsílọ̀ tó ti ń jẹ ṣáájú rẹ̀, bí wọ́n bá rí ìyàwó mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á rántí pé àwọn ní ibì kan láti lọ. Èyí ń dúró. Ó tún ń wá. Á fara ti tábìlì, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ," ìyàwó mi á sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó sọ nǹkan, ìyàwó mi sì bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín oníbàárà. Ẹ̀rín tó ti inú wá ni, tí máṣíìnì dúró nítorí rẹ̀. Òòlù bọ́ lé mi ní àtàǹpàkò.

Onídìrí tó wà ní òdìkejì títì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ rọra o. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ̀yin gan-an ẹ sì ti ń rù."

Mo ní, "Ta ló ń jowú? Kọjú sí orí tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ó ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn rí i pé káńsílọ̀ ń pààrọ̀ aṣọ ju bó ti yẹ lọ fún ẹni tó ń wá wo pàǹtí."

Ṣé ẹ rí ayé? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, kò jáde mọ́. Mo ń jẹun, ó ń bá mi jẹ ẹ́. Mo wá ń kíyè sí bí ìyàwó mi ṣe ń yan aṣọ tó fẹ́ wọ lọ sípàdé, mo ń kíyè sí bí ó ṣe ń wojú dígí. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí òun àti ọkùnrin yẹn ń sọ tó bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé wa ni." Ọ̀rọ̀ ilé wa! Ilé tí èmi ń gbé!

Ìgbà náà ni Ológe gbé bàtà rẹ̀ wá fún mi. Bàtà dúdú olókùn, awọ gidi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan ń gún mi lẹ́sẹ̀. Màá wá gbà á lẹ́yìn ìpàdé ọ̀la." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ.

Mo yí bàtà náà padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, aránbàtà kì í bi èèyàn léèrè pé níbo lo lọ. Mo rí ṣọ́ọ̀kì búlúù, irú èyí tí aránṣọ fi ń sàmì sára aṣọ, ó ti wọ inú àwọn ojú ìsàlẹ̀ bàtà náà. Mo rí píìnì olórí pupa kan tó gún gìgísẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ọ̀kan, òmíràn tún wà lápá iwájú. Nínú gbogbo àdúgbò yìí, ibì kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀kì àti píìnì ti ń pàdé nílẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti kọjá kọ́tìnì.

Mo jókòó pẹ̀lú bàtà náà lórí itan mi.  Mo ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀ lára ògiri, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn. Mo fẹ́ pariwo, ikọ́ ló jáde. Mo pinnu pé n kò ní yọ píìnì yẹn. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé gbangba ni ìyàwó mi fẹ́ràn, gbangba náà la ó ti dán an wò. Màá dìde nínú gbọ̀ngàn wọn, màá gbé bàtà náà sókè lójú alága àti gbogbo ìlú, màá ní, "Èmi náà ní ìbéèrè."

Ìyàwó mi ti lọ kí n tó jáde nílé lọ́jọ́ kejì. Mo fi bàtà sínú àpò, mo tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tó ń gbà láti ọdún mélòó kan wá tí n kò bá a gbà rí. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó má baà rí mi. Gbọ̀ngàn náà kún. Ìyàwó mi wà níwájú, ó jókòó ṣánṣán, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbàgbé láti bọ́ ọ. Ológe wà lórí pèpéle láàárín àwọn káńsílọ̀, ó wọ bàtà mìíràn. Mo di àpò mú.

Wọ́n ń pe àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ gọ́tà, ẹnì kan sọ̀rọ̀ ajá. Wọ́n pe tiwa. Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n òun ti yá jù mí lọ.

"Alága, mo ní ìbéèrè."

Àwọn èèyàn kùn hùn-ùn. Alága lajú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ṣókí, ìyá."

Ó ní, "Mo fẹ́ kí káńsílọ̀ wa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́yìn kọ́tìnì mi."

 Ẹ̀rí wo ni mo tún ń gbé kiri nínú àpò, nígbà tí olè ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?

Ológe dìde, ó wúkọ́ díẹ̀ sọ́wọ́. Ó ní, "Alága, ìyá yìí ní kí n wá wo nǹkan láàárọ̀ ìjẹta, nígbà tí ọkọ wọn lọ ra awọ lọ́jà. Wọ́n mú mi kọjá kọ́tìnì, wọ́n ní kí n dúró síbi fèrèsé ẹ̀yìn. Mo bá dúró. Ni wọ́n bá jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ń dáná sun pàǹtí lábẹ́ fèrèsé yẹn. Mo ń kan ilẹ̀kùn, mo ń tẹ píìnì kiri, omi ń dà lójú mi. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo bi wọ́n pé, 'Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?' Wọ́n ní, 'Ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan fún mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.'"

Alága pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo gbé wá láti fi dójú tì wọ́n ti di àwàdà fún gbogbo ìlú, ó sì ń wúwo sí i lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi dúró títí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní, "Èéfín àárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń fà á símú láti ìgbà tí ẹ ti gbé àpótí yẹn wá." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì wúkọ́.

Ó kọ́kọ́ rí kékeré, gbígbẹ, bí ẹni tó ń fi ìka kan kanlẹ̀kùn. Ó wá fà, ó fà, ó já, ó dákẹ́ bí ẹni pé èémí ti ṣìnà, nígbà tí kálukú sì ti ń retí, súfèé tín-ín-rín kan jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ súfèé yẹn. N kò gbọ́ ọ láti ìta rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ikọ́ mi ni. Ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó mọ ibi tó ti ń dẹsẹ̀ dúró. Èyí ló ń kọ́ níwájú ère aláìlórí yẹn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òun sọ pé gọ́ọ̀mù ni. Gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò wúkọ́. Mo máa ń dáwọ́ máṣíìnì dúró láti gbọ́ bóyá yóò mí padà. Ìbéèrè mi ni pé, àpótí irin àti ọkọ mi, èwo nínú wọn lẹ fẹ́ kó kúrò ládùúgbò?"

Ibi tí wọ́n ti dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn ni ikọ́ ti gbé mi. Mo gbìyànjú láti gbé e mì. Mo fi àpò bàtà bo ẹnu. Ó jáde: ó kanlẹ̀kùn, ó fà, ó já, ó dákẹ́. Gbogbo orí tó wà nínú gbọ̀ngàn yí padà. Súfèé náà wá tẹ̀ lé e, wẹ́kú bí ìyàwó mi ṣe ṣe é.

Alága ní, "Ta nìyẹn?"

Ìyàwó mi kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ọkọ mi nìyẹn."

Wọ́n nawọ́ sókè. Àní àwọn káńsílọ̀ tó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ta kò ó, wọ́n nawọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àpótí náà lọ sí ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ìlú, kí ẹnikẹ́ni má sì dáná síbẹ̀ mọ́.

Níta, kí n tó sá lọ, Ológe ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rí àpò, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún gbé bàtà mi wá bá mi níbí! Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an." Mo yọ ọ́ nínú àpò. Mo nà án sí i. Ìyàwó mi, tó ti dé ẹ̀yìn wa, ló na ọwọ́ gbà á, ó yí i padà, ó rí píìnì olórí pupa méjèèjì. Ó fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó sì dá bàtà padà fún olóhun. Ó dúró kí Ológe lọ tán.

Ó wá ní, "Bàbá wọn. Gbogbo ìgbà tí mo ní kí ẹ bá mi wá, ẹ ò wá. Èyí ló gbé yín wá?"

Mo ní kí n fi ìbínú bo ìtìjú. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? O tú ikọ́ mi síta fún gbogbo ayé. Káńsílọ̀ mọ̀, ère mọ̀, èmi tí mo ni ín, o ò sọ fún mi."

Ó ní, "Mo sọ fún yín. Ẹ ní gọ́ọ̀mù ni. Mo wá lọ wá ẹni tó máa gbọ́."

Kò pariwo nígbà tó sọ ọ́. Ó tún gèlè rẹ̀ tò, ó ń lọ sílé, mo sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Wọ́n ti gbé àpótí náà lọ. Pátákó "Ẹ má dalẹ̀ síbí" nìkan ló kù, ó dúró sórí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ iná ojú pópó ni ìyàwó mi ń bá káńsù fà báyìí, Ológe ṣì ń wá fara ti tábìlì, ìyàwó mi ṣì ń rẹ́rìn-ín tí máṣíìnì ń dúró. Mo sì ń jowú. Kò sẹ́ni tó lè gba owú mi lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n owú náà ti yí ibùjókòó padà: àwọn ọdún tí gbogbo ìlú fi gbọ́ ohùn rẹ̀ tí èmi ń kan ìṣó ni mo ń jowú.

Láàárọ̀ àná, mo dìde nídìí iṣẹ́ mi, mo lọ dúró níwájú kọ́tìnì. Mo pè é. Ó ní kí n wọlé. Ó ń rán apá aṣọ kan, kò gbójú sókè.

Mo ní, "Ìyá wọn, mo ní ìbéèrè."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀, ó sì yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí mi.